Ìràwọ̀ Onígun Mẹ́fà: Orúkọ àti Ìlò Rẹ̀ ní Etíkun Àgbádárìgì

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀; kọ́bọ̀ náà gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àwòrán kan ni. Ẹ fa ilà mẹ́ta tó gùn bára mu, kí wọ́n pàdé ní igun mẹ́ta, kí ṣóńṣó kan kọjú sókè. Ẹ fa irú rẹ̀ mìíràn lé e lórí, kí ṣóńṣó tiẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ìràwọ̀ tó ní igun mẹ́fà ló máa jáde. Kò dájú pé ẹnì kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò rí i rí. Ó wà lára kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn ìyá wa ná. Ó wà nínú ìwé àwọn àáfà tó ń kọ tírà. Ó wà lára àsíá Ísírẹ́lì tí àwọn ìjọ kan gbé kọ́ sára ògiri, ó sì wà lára ẹ̀gbà ọrùn tí àwọn tó lọ sí Jerúsálẹ́mù ń rà bọ̀ wálé. Bí a bá béèrè orúkọ rẹ̀, "Ìràwọ̀ Dáfídì" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ. Àwọn kan á ní ti ẹgbẹ́ awo ni, pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i nílé.

Ìdáhùn kejì yìí kò tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ náà kì í sì í tọ̀nà nígbà gbogbo. Àwòrán kan ṣoṣo ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá ní etíkun wa yìí, ohun tí kálukú sì pè é yàtọ̀ síra. Orúkọ tí ẹni tó lò ó fi pè é ló yẹ kí àwa náà fi pè é. Níbi tí a kò bá ti mọ ẹni tó lò ó, ká pè é ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, kó parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé nínú ìṣirò tí a ń fi Yorùbá kọ́, onígun mẹ́fà ni orúkọ àwòrán tó ní ojú mẹ́fà tí ilà rẹ̀ kò gba inú ara wọn kọjá. Bí a bá ti fi ìràwọ̀ ṣáájú, kò sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́. Àwọn Ògù tó ni ilẹ̀ yìí náà ní sunwhlẹvu, orúkọ ìràwọ̀ ní èdè wọn, wọ́n lè fi iye igun tì í lẹ́yìn bó ṣe wù wọ́n.

Kí ló dé tí àwòrán yìí fi wà níbi gbogbo láyé? Ẹni tó bá mú kọ́ńpáàsì, tó fa òbírí kan, tí kò sì yí ẹnu kọ́ńpáàsì náà padà, tó wá ń fi í tẹ etí òbírí náà lọ, ìgbà mẹ́fà géérégé ni yóò tẹ̀ ẹ́ kó tó padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá wá ń fo ojú kan kó tó fa ilà dé èkejì, ìràwọ̀ náà ti délẹ̀. Kò gba pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn, shatkona ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta sínágọ́gù Kápánáúmù ní Gálílì, ó ti lé ní 1,500 ọdún báyìí, ìràwọ̀ onígun márùn-ún sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi méjèèjì ṣe. Nítorí náà, bí a bá rí i lára ohun èlò àtijọ́ kan, kí a má ṣe yára sọ pé ẹni báyìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí.

Àwọn Júù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wọn, nítorí orúkọ wọn ló gbayì jù lẹ́nu wa. Magen David ni wọ́n ń pè é lédè Hébérù. Magen kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Asà ni, irú èyí tí jagunjagun fi ń gba ọ̀kọ̀. Gbólóhùn "Asà Dáfídì" ti wà nínú àdúrà wọn tipẹ́tipẹ́, Ọlọ́run ni wọ́n sì ń fi pè, kí ẹnikẹ́ni tó so ó mọ́ àwòrán kankan. Kò síbi tí Bíbélì ti sọ pé Dáfídì ya ìràwọ̀ sára asà rẹ̀. Ní 1354, Ọba Charles Kẹrin gba àwọn Júù ìlú Prague láyè láti ní àsíá tiwọn, ìràwọ̀ yìí sì di àmì wọn níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń tàn díẹ̀díẹ̀ dé àwọn ìlú Yúróòpù mìíràn. Nígbà tí àwọn tó ń jà fún orílẹ̀-èdè Júù ṣe ìpàdé ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Basel ní 1897, wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1941, ìjọba Násì ní Jámánì fi tipátipá mú gbogbo Júù láti ọmọ ọdún mẹ́fà sókè láti rán ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ, kí ó lè rọrùn láti dá wọn mọ̀ kí wọ́n sì kó wọn lọ sí ibi ikú. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1948, àwọn tó ṣẹ́kù gbé e sórí àsíá orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tán, tó ṣì ń pe ìràwọ̀ náà ní àmì èṣù lójú Júù, ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìtàn Yúróòpù ni. Kò gba etíkun wa kọjá.

Orúkọ tó gba ilẹ̀ wa kọjá ni ti Sólómọ́nì. Ìsìláàmù ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí ní 1842, ìmọ̀ tírà kíkọ sì bá ẹ̀sìn náà wọlé. Lárúbáwá ń pe àwòrán yìí ní khātam Sulaymān. Hatimi ni Haúsá ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú tírà. Èdìdì tàbí òǹtẹ̀ Ànábì Sulaimọ́nù ni tiwa. Kùránì sọ pé Ọlọ́run fi afẹ́fẹ́ àti àlùjànnú sábẹ́ àṣẹ Sulaimọ́nù. Ti òrùka tó ní èdìdì, tó fi ń pàṣẹ fún wọn, kò sí nínú Kùránì, inú ìtàn tí àwọn èèyàn ń sọ fún ara wọn ló wà. Ìtàn náà lágbára. Nínú àwọn ìwé ìmọ̀ tírà tí wọ́n so mọ́ orúkọ Ahmad al-Buni, ọ̀mọ̀wé Àríwá Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹtàlá, èdìdì méje ló tò léra wọn, ìràwọ̀ ló sì ṣáájú. Nínú ìwé kan, ìràwọ̀ náà á ní igun márùn-ún. Nínú òmíràn, mẹ́fà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ wo àsíá Mòrókò, tí wọ́n fàṣẹ sí ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1915: igun márùn-ún ló wà lára ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé rẹ̀, síbẹ̀ èdìdì Sólómọ́nì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ni orúkọ náà kò ka igun. Òǹtẹ̀ àṣẹ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ààbò tó ń fúnni.

Àwọn àáfà kan lónìí kò fẹ́ gbọ́ tírà sétí, wọ́n ní ó sún mọ́ ìbọ. Àwọn mìíràn ṣì ń kọ ọ́ fún aláboyún àti arìnrìn-àjò. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn. Èyí tó kàn wá níbí ni pé, bí ìwé tírà àtijọ́ kan bá jáde nínú àpótí bàbá àgbà yín, tí ìràwọ̀ yìí sì wà nínú rẹ̀, èdìdì Ànábì Sulaimọ́nù ni. Ẹ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé Júù ni bàbá yín.

Mo wá dé orí owó, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìràwọ̀ yìí ti kan ọwọ́ gbogbo wa, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù odidi alágbára. Nígbà tí owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì dé, ó wúlò fún oníṣòwò ńlá, ṣùgbọ́n tọ́rọ́, tó kéré jù nínú rẹ̀, ti tóbi jù fún ẹni tó fẹ́ ra ata àti iyọ̀ nìkan. Kí ni ìyálọ́jà máa fi ṣe ṣéńjì? Owó ẹyọ náà ni wọ́n ṣì ń ná. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé owó kéékèèké jáde ní 1907: kọ́bọ̀, àti ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Wọ́n lu ihò sí i láàárín kí àwọn èèyàn lè máa sín in bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀nínì. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bà á jẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ẹ́pìnì, ìdajì kọ́bọ̀, dé ní 1911.

Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà ká. Àárín gbùngbùn ìràwọ̀, ibi tí onígun mẹ́ta méjèèjì fi sílẹ̀ ní òfìfo, ibẹ̀ gan-an ni ihò bọ́ sí, bí ẹni pé wọ́n dá wọn fún ara wọn. Adé ọba Gẹ̀ẹ́sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọba àti iye owó. Kò sí ojú ọba níbẹ̀, nítorí ihò kò ní jẹ́ kí ojú gba ibẹ̀. Orúkọ Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i. Nígbà tó yá, tí wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912, tó fi ìjókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ló kù, nítorí owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Sẹ́ríkí Williams Abass, tí ilé rẹ̀ nílùú yìí jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí, ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Brazil lọ́mọdé, tó padà wá di olówò ẹrú àti mùsùlùmí olóyè, kú ní 1919. Ó rí owó ẹyọ, ó rí fàdákà, ó sì rí kọ́bọ̀ oníràwọ̀ kó tó lọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn kọ́bọ̀ yìí tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ọba Edward Kẹjọ gorí oyè ní oṣù kìíní 1936, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọn kò tilẹ̀ tíì dé e ládé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, owó tó ní àwòrán rẹ̀ kò dé ọjà. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀, ẹ́pìnì àti ọ̀nínì tiwa tí ọdún 1936 wà lára rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, jáde ní ọ̀pọ̀ yanturu, nítorí wọn kò nílò ojú ọba láti fi tẹ̀ ẹ́. Ìyálọ́jà kan ní ọjà Àgbálàtà lè ti fi owó ọba tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí owó rẹ̀ ná ra ẹja, kó má sì mọ̀.

Kí ni ìyálọ́jà yẹn ń pe ìràwọ̀ náà? Kò pè é ní Dáfídì, kò pè é ní Sólómọ́nì. Kọ́bọ̀ ni, ẹ́pìnì ni, ọ̀nínì ni. Àmì owó tó ṣeé ná ni lójú rẹ̀: ó rí ìràwọ̀, ó rí ihò, ó mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Èyí ni ìlò tó pọ̀ jù tí àwọn Yorùbá àti Ògù tíì lo àwòrán yìí, ó lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí ẹ̀sìn kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe owó tiwa ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, wọ́n kọ orúkọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sí i, wọ́n sì fi ìràwọ̀ àti ihò sílẹ̀ lára kọ́bọ̀ àti ẹ́pìnì. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Wọ́n mú orúkọ kọ́bọ̀ lọ sínú owó tuntun, ìràwọ̀ kò sì bá a lọ. Ọ̀nínì kò sí lọ́jà mọ́, ẹnu wa ló kù sí: ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ṣì máa ń ní òun kò ní kọ́bọ̀, òun kò ní ọ̀nínì.

Ta ló mú ìràwọ̀ yìí wá sórí owó wa? Ìjọba amúnisìn ti ń lò ó fún Nàìjíríà Àríwá ṣáájú kọ́bọ̀. Àlàyé tí wọ́n mọ̀ mọ́ Lugard, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ nígbà náà, ni pé ó rí i lára ọmọrí ife idẹ kan tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ààfin Kontagora, tó sì fẹ́ràn rẹ̀. Èdìdì Sólómọ́nì ni wọ́n pè é. Ẹ wo bí ọ̀nà rẹ̀ ti jìn: iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ idẹ nílẹ̀ mùsùlùmí, ìkógun, lẹ́yìn náà àsíá. Nígbà tí wọ́n so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé tó ní adé ọba Gẹ̀ẹ́sì láàárín, tí orúkọ Nàìjíríà wà lábẹ́ rẹ̀, lórí òbírí pupa, di àmì gbogbo ilẹ̀ náà. Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ Kólónì Èkó ní 1863, erin lábẹ́ igi ọ̀pẹ ni àmì Kólónì Èkó, pẹ̀lú lẹ́tà L. Erin lọ, ìràwọ̀ dé, òun sì ló ń fẹ́ lórí ọ́fíìsì ìjọba títí di ọjọ́ tó ṣáájú òmìnira ní 1960, tí àsíá Táíwò Akinkunmi, aláwọ̀ ewé àti funfun, gba ipò rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán ìràwọ̀ yẹn lára àsíá tàbí ìwé ìjọba àtijọ́, ìjọba amúnisìn ló ni ín. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń fi í ṣe ẹ̀rí pé àwọn Júù ló dá Nàìjíríà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààfin Kontagora ni Lugard ní wọ́n ti mú un, ọ̀dọ̀ Júù kọ́.

Àwọn ìjọ aláṣọ funfun ló kàn. Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Samuel Biléhou Oschoffa dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Pọ́tónóvò, ìlú tí kò jìnnà sí wa níbí, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947, àwọn apẹja Ògù àti Tọ̀fín sì gbé e gba orí ọ̀sà dé Mákòókó. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lára ògiri àti aṣọ àwọn ìjọ aládùúrà kan lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Níbí ni orúkọ Dáfídì ti tọ́: àwọn tó ń lò ó ló fi pè é, wọ́n ń rántí pé ìran Dáfídì ni Jésù ti wá. Èyí kì í ṣe ìtumọ̀ ti Júù, kì í ṣe ti àáfà. Ti Kristẹni aládùúrà ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ohun tó dùn mí, tó sì jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yìí, ni àwọn oníwàásù tó ń ní kí àwọn èèyàn jó o níná tàbí kí wọ́n ha á kúrò lára ogún ìdílé. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí keje ẹsẹ 43 ni wọ́n sábà máa ń kà, níbi tí wọ́n ti dárúkọ ìràwọ̀ òrìṣà Réfánì. Ẹ ka ẹsẹ náà nílé: kò sọ iye igun. Àwọn tó ń gbé e ga náà máa ń ka Númérì orí 24 ẹsẹ 17, lórí ìràwọ̀ tó máa ti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù jáde. Kò sọ iye igun níbẹ̀ náà. Ohun tí Bíbélì kò sọ, kí ẹnikẹ́ni má fi Bíbélì sọ ọ́, ì báà jẹ́ láti fi bù kún un tàbí láti fi bú u. Mo ti rí ọ̀nínì tí ẹnì kan fi òkúta ha títí ìràwọ̀ rẹ̀ fi parẹ́, nítorí wọ́n sọ fún un pé òun ló ń fa òṣì wọlé. Owó tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ̀yin tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílùú yìí, nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ sára ohun tí ìràwọ̀ yìí wà lára rẹ̀, ẹ kọ ẹni tó lò ó, ọdún tó lò ó àti ohun tó pè é, kí ẹ sì fi Yorùbá àti Ògù kọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi kọ́ńpáàsì yà á fúnra wọn kí ẹ tó sọ orúkọ kankan fún wọn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà, ẹ béèrè kí ẹ tó dájọ́. Ẹ̀yin òbí, bí kọ́bọ̀ oníhò bá wà nínú kóló tàbí àpótí ìyá yín, ẹ má tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń yọ́ bàbà, ẹ má sì ha á. Ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tó ná an fún àwọn ọmọ yín.